Kẹ́ẹ̀gì Wàrà Kúlúsúmù

Ẹjọ́ tó dé ààfin Olóyè Adégòkè ní Kúdẹtì lánàá, inú rírun ló bí i. Ezekiel káfíńtà ló pe Kúlúsúmù, ìyàwó Gàníyù, tó ń ta wàrà sóyà ní Bẹẹrẹ, lẹ́jọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó fi ń tà á wà nílẹ̀ láàárín wọn bí ọ̀daràn.

“Káfíńtà, kí ló ṣẹlẹ̀?” Olóyè bi í.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mu wàrà obìnrin yìí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń gbàdúrà níwájú pẹpẹ. Bí mo ṣe ní kí wọ́n bá mi ké halelúyà, inú mi ló kọ́kọ́ dáhùn.”

Ààfin bú sẹ́rìn-ín.

“Mo ká sùtánà mi sókè, mo sá. Ìjọ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Wọ́n gbé agogo, wọ́n sá tẹ̀ lé mi dé ẹnu ṣáláńgá!”

“Wọ́n wá ṣe é báwo?”

“Wọ́n kọrin yí ṣáláńgá ká, baba. Mi ò lè jáde.” Ohùn rẹ̀ yí padà. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin mu nínú wàrà náà. Orí ẹní ló ṣì wà báyìí, kò lè dìde.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

“Kúlúsúmù, o gbọ́?”

Kúlúsúmù kúnlẹ̀. “Baba, wàrà mi máa ń hó títí ìdérí ìkòkò á fi máa jó. Kòkòrò wo ni kò ní kú síbẹ̀? Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jáde lára wọn.”

“Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? O máa ń fọ̀ ọ́?”

“Omi gbígbóná ni mo máa ń dà sínú rẹ̀, màá sì mì ín. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá, òun ló ń jẹ́ kí wàrà mi dùn. Bí mo bá ha á kúrò, òwò mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ gba ẹnu kẹ́ẹ̀gì.”

Gàníyù fò dìde. “Baba, ẹ má gbọ́ tirẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á! Ojoojúmọ́ ló ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ojú mi ló ṣe.”

“Ọwọ́ rẹ̀ tí kò gba ẹnu kẹ́ẹ̀gì ńkọ́?” Olóyè bi í.

“Ẹ̀n… ó máa ń fi ọkàn fọ̀ ọ́ ni, baba.”

Kúbúrá, ìyálé Kúlúsúmù, kò dúró kí wọ́n pè é. “Ọṣẹ wo? Èmi ni mo ni ọṣẹ ilé yẹn, kò dín rí.”

“Ìyálé mi, ṣebí ẹ̀yin náà ń mu wàrà ọ̀hún!”

“Mo kàn ń tọ́ ọ wò ni, kí n lè mọ ohun tí yóò pa ọkọ wa.”

Olóyè ní kí Ezekiel fa ayùn yọ, kí ó la kẹ́ẹ̀gì sí méjì. Ó là á. Ohun funfun kan tó nípọn lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú, ó ń yọ̀ bí itọ́ ìgbín. Òórùn rẹ̀ lé àwọn ìgbìmọ̀ sẹ́yìn.

Ìyáàfin Morádéyọ̀, wolé-wolé tí Olóyè ránṣẹ́ pè, bẹ̀rẹ̀ wo inú kẹ́ẹ̀gì náà. “Baba, àwọn kòkòrò kan wà tí iná kì í tètè pa. Bí wàrà bá ń hó, wọ́n á wọ inú èèpo wọn. Bó bá tutù, wọ́n á jáde, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á fi ohun yíyọ̀ yìí kọ́lé bo ara wọn. Omi gbígbóná tí ẹ bá dà sí i, orí òrùlé wọn ló ń gbà kọjá. Àfi kí ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha á.”

“Wọ́n kọ́lé?” ìjòyè kan pariwo. “Ní Kúdẹtì yìí? Ta ló ta ilẹ̀ fún wọn?”

Olóyè gbé ọwọ́ sókè. “Kúlúsúmù, o ò ní ta wàrà títí ọmọ káfíńtà yóò fi gbádùn. Ìwọ ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò. Gàníyù, ìwọ tí ojú rẹ ṣe, ìwọ ni yóò máa ha á níta gbangba. Bí wàrà bá sì ti jinná, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ mu ún kí oníbàárà tó fẹnu kàn án.”

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Baba, ẹ ṣàánú mi! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń da tèmi nù lẹ́yìnkùlé!”

Kúlúsúmù yíjú sí i.

“Ẹ̀yin ìgbìmọ̀,” Olóyè wí, “ẹlẹ́rìí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́rìí òtítọ́. Ẹ gbé kànìnkànìn fún un.”