Aláìsàn Ìdánrawò

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni obìnrin télọ̀ náà dùbúlẹ̀ sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láàárín àjákù aṣọ àti fọ́nrán òwú, ó ká ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe wẹ́dà nílé iṣẹ́ onírin, dúró lé e lórí, ó ń nu òógùn ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pajú dé."

"Mo ti pa á dé."

"Ẹ ṣì ń wò mí."

"Mo fẹ́ mọ ohun tí o fẹ́ fi mí ṣe ni."

"Ẹ ti dákú. Ẹni tó dákú kì í sọ̀rọ̀."

"Ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n wá dákẹ́? Irú ìwà wo nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀la ni ìdánwò. Dókítà ti ní kí n má wo iná wẹ́dà mọ́, ojú mi ń lọ. Tí mo bá yege nínú ìtọ́jú pàjáwìrì yìí, ọ̀gá á gbé àpótí oògùn ilé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, màá jókòó tì í, màá sì máa gba owó oṣù mi. Tí n ò bá yege, ilé ni mò ń lọ, ẹ̀yin lẹ máa máa bá mi bọ́ àwọn ọmọ."

"Mo ti dákú," ni télọ̀ wí, ó sì pajú dé pinpin.

Wẹ́dà kúnlẹ̀ tì í. Ó wú ikọ́ díẹ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ọlọ́lá.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́?"

"Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"O béèrè, mo dáhùn. Ọkùnrin tí n ò mọ̀ rí kàn wá kúnlẹ̀ tì mí lọ́sàn-án gangan, kí n ní kó máa bọ̀?"

"Ẹ ò lè sọ pé rárá!"

"Kí lo wá ń béèrè sí?"

"Olùkọ́ wa ló ní ká máa tọrọ àyè. Tí aláìsàn bá kọ̀, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Olùkọ́ yín ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó dáa, mo kọ̀. Jẹ́ kí n dìde lọ rán aṣọ oníbàárà mi."

"Ṣùgbọ́n tí aláìsàn bá dákú, tí kò lè fèsì, a jẹ́ pé ó ti gbà nìyẹn. Ẹ̀yin sì ti dákú. Ẹni tó dákú kì í sọ̀rọ̀!"

Télọ̀ mí kanlẹ̀, ó panu dé. Kò pẹ́ tó fi ṣí i.

"Kí lò ń wá nídìí ẹsẹ̀ mi?"

"Ó ti kán."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ ṣubú."

"Dídákú yẹn nìkan ò tó?"

Wẹ́dà nawọ́ mú rúlà onígi gígùn tó wà lórí tábìlì, ó tò ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Rúlà iṣẹ́ mi nìyẹn o!"

"Ohun tó bá gún tó sì le la fi ń gbé egungun dúró. Olùkọ́ ní ohun tá a bá rí nítòsí ni ká lò."

"Aṣọ láínìn funfun tí o ń fà ya yẹn náà, òun lo rí nítòsí? Ti oníbàárà ni!"

"Aláìsàn kì í béèrè láínìn."

Ó wé e, ó tún wé e, ó so ó, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kó lè fà á dáadáa. Télọ̀ gbé orí sókè, ó wo iṣẹ́ náà bó ṣe ń wo iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

"Ó wọ́ lápá kan. Ó sì fún. O ò fi àyè sílẹ̀ rárá. Tí mo bá rán aṣọ báyìí fún èèyàn, iwájú ilé mi ni wọ́n á ti máa pariwo lé mi lórí."

"Ẹ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín."

"N ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́."

"Áà, a jẹ́ pé ó fún lóòótọ́." Wẹ́dà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún so ó padà. "Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọwọ́ tó ń so irin pọ̀ ni. Ohun tí mo bá so, kì í tú."

"Màá wá máa fi rúlà rìn títí ayé?"

"Ẹ gbé orí wá, ó ti fọ́. Ẹ gbé apá òsì wá, òun náà ti kán."

"Nínú gbogbo ara mi, kí ló kù?"

"Ẹnu yín. Òun nìkan ni nǹkan kan ò ṣe."

Ó wé orí rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n fẹ́ gbé rìnrìn àjò. Télọ̀ fi ojú kan tó kù síta wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Gbogbo ohun tí o ti tọ́jú lára mi, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Wẹ́dà yíjú sí fèrèsé. "A máa dé ibi ẹ̀jẹ̀ tó bá yá."

"Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín mi? Eyín mi ni wọ́n yọ, ìwọ ni wọ́n gbé wálé."

"Ó ti pẹ́."

"Ọdún tó kọjá!"

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà láti dùbúlẹ̀?"

Télọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì wà lómìnira pa ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lára.

"Ibí yìí ni bàbá àwọn ọmọ mi ṣubú sí. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Ẹnì kan ń mì ín, ẹnì kan ń da omi sí i lẹ́nu, èmi ń ké. Gbogbo wa la nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe, títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀." Ó na apá òsì sí i. "Di apá mi, jàre. Olùkọ́ yín ò ní dúró dè ọ́ lọ́la."

Wẹ́dà rọra gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lú aṣọ, ó ṣe é jẹ́jẹ́ ju gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lọ. Etí aṣọ náà gùn kọjá ààlà. Ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá, ó gbé aṣọ sókè lọ́wọ́, ó fẹ́ gé e.

"Orí tábìlì la ti ń gé aṣọ! Kì í ṣe lójú òfúrufú!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dákú kì í… yéè!"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀ gbàà. Wẹ́dà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ojú, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n… ó pupa."

"Má wò ó! Jókòó! Jókòó kí o tó… má ṣubú lu máṣíìnì mi o!"

Kò ṣubú lu máṣíìnì. Ó yọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì wọ̀ọ̀, ó sì sùn gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Télọ̀ fi ìdí wọ́ sún mọ́ ọn, rúlà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń họ ilẹ̀. Ó yọ apá òsì kúrò nínú aṣọ tó gbé e kọ́ ọrùn, ó gbìyànjú láti tú ẹsẹ̀ ara rẹ̀; òótọ́ ni, kì í tú. Ife omi ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mú. Ó gbé e dé ẹnu àbúrò rẹ̀, ó dúró. Ó wo omi, ó wo ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn. Ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Rárá. Kì í ṣe omi."

Ó wò ó bóyá ó ń mí. Ó ń mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé orí àga, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó ká láínìn tó kù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ náà gírígírí, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀hún sókè.

"Oníbàárà mi, forí jì mí. Màá ra òmíràn."

Ìpéǹpéjú wẹ́dà mì.

"Níbo ni mo wà?"

"Nílẹ̀. Má tíì dìde."

"Ṣé mo dákú ni?"

"Rárá o, o ń ṣe ìdánrawò ni."

Wẹ́dà tún pajú dé pinpin. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ gbé ọwọ́ náà ga ju àyà lọ."

"Ó ti ga."

"Ẹ má ṣí aṣọ yẹn wò o! Tó bá rin gbingbin, ẹ fi òmíràn lé e lórí, ẹ má yọ ti àkọ́kọ́."

Télọ̀ mi orí. "Wò ó bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà lórí rẹ. Lọ́la, tí irin bá gé ọmọ ẹlòmíràn, ṣé báyìí ni wàá ṣe pajú dé, tí wàá máa pàṣẹ fún un kó tẹ ọgbẹ́ ara rẹ̀?"

Wẹ́dà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ ọgbẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá.

"Lajú kí n tó wé e."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Iná tó ń fọ́ èèyàn lójú lo ti ń wò látìgbà ọ̀dọ́ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ lo wá ń sá fún? Àwọn ọmọ rẹ ń jẹun o. Lajú!"

Ó la ẹyọ kan. Ó la èkejì.

"Ibo ló wà?"

"Ibẹ̀ yẹn."

"Èyí? Kò tó ihò bọ́tìnnì!"

"Lórí ihò bọ́tìnnì lo kú sí."

Wẹ́dà wo ọgbẹ́ náà pẹ́. Ó tún mú láínìn tó ti pupa, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Kò sí ohun tó ṣe é. Àwọ̀ padà sí i lójú, ohùn náà sì padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i! Mo rí ẹ̀jẹ̀, mo ṣì wà níhìn-ín! Kí ìdánwò náà máa bọ̀!" Ó jókòó, ó wo bí wọ́n ti wé ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra fa ojú ro bí olùkọ́. "Iṣẹ́ yín ò burú. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ká ní ẹ̀yin lẹ lọ ṣe ìdánwò ọ̀hún, ẹ ò ní yege."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn mí."

Télọ̀ ti mú sísọ́ọ̀sì, ó ń wá ibi tó máa ti gé ìdè wẹ́dà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Mo tọrọ. Mo bi ọ́ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn nínú etí rẹ. Ìwọ lo ò fèsì."

"N ò fèsì kẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Ẹni tó dákú kì í sọ̀rọ̀."