Alágbàárù Tí Àtẹ Ní Ó Sanra Jù

Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wò ní ilé ìkẹ́rùsí fẹ́ràn àtẹ ìwọ̀n tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Alágbàárù kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó ń wo bírò ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì kò bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lónìí, kò síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

"Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo fi gíga yín pín in, mo tún fi gíga náà pín ohun tó jáde. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àtẹ kò fẹ́ ju márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹ ti sanra jù. Igi gangànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Alágbàárù na ìka sí àtẹ. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe pé mo kúrú jù ni?"

"Báwo?"

"Gíga ṣáà wà nínú ìṣirò yín. Ẹ kọ ọ́ pé mo kúrú. Wọn kì í torí kúkúrú lé èèyàn."

Nọ́ọ̀sì kì í fi ìṣirò sílẹ̀ láìyanjú. Ó tún un ṣe. "Ó ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kẹ́ ẹ tó ga tó."

"Ṣé wọ́n á ti dé kó tó di ọjọ́ Ajé?"

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó sún kọ́bọ́ọ̀dù irin díẹ̀, kí òun mú okùn ìwọ̀n tó jábọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Alágbàárù kò sún un. Ó gbé e tòun ti gbogbo oògùn inú rẹ̀, ó sì ń béèrè ibi tí òun máa gbé e sí.

"Àtẹ yìí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan," ni nọ́ọ̀sì jẹ́wọ́ níkẹyìn. Ó wé okùn mọ́ ọn níkùn. Kò tó ìdajì gíga rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀rá kò pọ̀ níkùn rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ọgọ́fà lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, bó ṣe yẹ kó rí gan-an.

"Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣàìsàn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi dán an wò. Èmi, méjìlélógún ni mo wà lórí àtẹ."

Ó wé e mọ́ apá tirẹ̀. Àádọ́sàn-án lórí márùndínláàádọ́fà. Ó gbé e sí apá kejì. Bákan náà ni: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń ru. Ẹ̀rù bà á. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó wá fẹ́ dìde lọ bá dókítà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Ẹ má dìde," ni alágbàárù wí, ó ti gbé e tòun tàga. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pé lórí àtẹ, ẹ fara balẹ̀. Èmi tí mo sanra jù ni n ó gbé yín gòkè."