Bàbá Ńlá Ningegowda Lábẹ́ Igi Àjàgbọn

Ningegowda, Akọni-iwájú-dígí! Ọkùnrin tí kò pa eṣinṣin rí, àmọ́ tí irùnmú rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Ó ní ọmọ jagunjagun ni òun. Ó ní òun ni yóò gbé idà ṣíwájú ọdún ìlú lọ́la, ó sì ti wé láwàní pupa sórí sílẹ̀ de ọ̀la.

"Òkúta ìdílé yín dà?" ni Siddappa, olórí àwọn àgbà, bi í. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá kú sójú ogun ní òkúta gbígbẹ́ létí ọ̀nà kan. "Bí a kò bá rí i kí oòrùn òní tó wọ̀, o kò ní fọwọ́ kan idà."

Ningegowda háyà jíìpù. Ó kó Siddappa àti Tíṣà Revanna, tó lè ka ìkọ̀wé àtijọ́, sínú rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà eléruku láàrin oko ìrèké.

Òkúta kìíní wà létí odò. Àwọn obìnrin ń lu aṣọ lórí rẹ̀.

"Bàbá mi rèé!" ni Ningegowda ké.

"Bàbá ta?" ni obìnrin kan dá a lóhùn. "Baba ńlá ọkọ mi nìyẹn. Ẹ sún, ẹ má tẹ aṣọ mi."

Òkúta kejì ti di ìjókòó níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Òun náà ti lọ́mọ. Ningegowda wá ń wo oòrùn ju ọ̀nà lọ.

Ọjọ́ ti rọlẹ̀ kí wọ́n tó dé Maradakoppa. Òkúta kan rì dé àyà lábẹ́ igi àjàgbọn, ewéko bò ó. Ìyá àgbà kan, Honnavva, ń gbá àyíká rẹ̀.

"Ìyá, ta nìyí?" ni Ningegowda bi í.

"Akọni ni. Ojú ogun ló kú sí, ní odò ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹnìkan kò wá bèèrè rẹ̀ rí."

"Ọmọ rẹ̀ dé!"

Tíṣà fà á láṣọ. "Gowda, ìsàlẹ̀ la ti ń ka òkúta akọni lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká wú u ná."

"Ọmọ kìnnìún kì í wúlẹ̀ kó tó mọ bàbá rẹ̀!"

Ó fọ́ àgbọn, ó da wàrà sórí òkúta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí irùnmú rẹ̀ fi rin fún wàrà. Gbogbo abúlé ti pé jọ.

"Iwájú orí rẹ̀ ni mo gbé wáyé! Eyín rẹ̀ ni eyín mi! Bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀ ni mí, kí láwàní má gorí mi mọ́ láé!"

"O ṣeun, ọmọ wa," ni Honnavva wí. "Àsìkò oúnjẹ rẹ̀ náà ti tó."

Ó gbé ìrẹsì jáde, ó súfèé. Ajá mọ́kànlá sáré dé. Èyí tó ṣíwájú kò wo ìrẹsì rárá. Irùnmú Ningegowda ló ń lá.

Tíṣà ti wú ìsàlẹ̀ òkúta, ó fomi wẹ̀ ẹ́, ó ń kà á jẹ́jẹ́: "Kaliga rèé, ajá balógun. Ó bu ọ̀tá mẹ́ta jẹ. Ó kú, kò sá." Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìrù lókè.

Ẹ̀rín bú.

"Gowda, ẹ gbó ká gbọ́!"

"Eyín bàbá yín dà?"

"Mi ò ṣe mọ́! Kì í ṣe bàbá mi!" ni Ningegowda pariwo.

"Kì í ṣe bàbá ẹ?" Siddappa na ọwọ́. "Gbé láwàní wá. Ẹnu ara ẹ lo fi búra." Ó ṣí i kúrò lórí rẹ̀, ó wé e mọ́ òkúta.

Honnavva tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un láàrin àwọn ajá, ó bu ìrẹsì sí i. "Jókòó, kí o bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ jẹun."

Ningegowda ki eré mọ́lẹ̀ síbi jíìpù, orí òfìfo, ajá mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó jọ bàbá ẹ̀ o!" ni àwọn ará abúlé ń kígbe.

"Rárá," ni Tíṣà tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe, ó na ìka sí ohun tí a kọ sára òkúta. "Kò jọ ọ́. Bàbá yẹn kò sá."