Ọ̀nà Tí Sùlè Gbẹ́ fún Dókítà

Ní ọdún 1995, Dókítà Fúnmiọlá wá sílé ní Ọ̀wọ̀ láti yunifásítì tó ti ń ṣèwádìí. Wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bàbá rẹ̀ ni yóò jókòó síwájú pátápátá, bàbá náà kò sì tíì lóye iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ rí. Ni Fúnmiọlá bá gba ṣọ́ọ̀bù Sùlè gbẹ́nàgbẹ́nà lọ, ní Isuada.

"Bùrọ̀dá Sùlè, mo fẹ́ kí ẹ gbẹ́ ọ̀nà fún mi."

"Ọnà niṣẹ́ wa. Ti ara ilẹ̀kùn ni àbí ti ara àga?"

"Kì í ṣe ọnà. Ọ̀nà. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà kọjá."

Sùlè gbé òòlù sílẹ̀. "Dókítà, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń la ọ̀nà. Àwa náà ṣì ń bẹ̀ wọ́n ni."

"Ọ̀nà inú ara ni. Tí iná bá jó yín lọ́wọ́, báwo ni ọpọlọ yín ṣe ń mọ̀?"

"Màá pariwo, á gbọ́."

"Kí ẹ tó pariwo ńkọ́? Àwọn ọ̀nà tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà lára iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Títì ni wọ́n máa ń wà. Tí èròjà tó yẹ bá ti fara kàn wọ́n, wọ́n á ṣí, áyọ́ọ̀nù á sì sáré gbabẹ̀ wọlé."

"Áyọ́ọ̀nù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe rí gan-an ni mò ń wádìí. Ẹ to pákó márùn-ún yí ihò kan ká. Tí mo bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ihò náà ṣí."

"Kí áyọ́ọ̀nù yẹn sì gbabẹ̀ kọjá."

"Òun nìkan."

"Èyí tó ń lo iná ìjọba ni àbí eléèédú?"

Dókítà rò pé iná inú ara ló ń bi òun. "Iná tirẹ̀ wà lára rẹ̀."

"Eléèédú nìyẹn," Sùlè sọ, ó sì fa ìlà sára pákó kan.

Nígbà tó di Sátidé, Sùlè ká aṣọ kúrò lórí iṣẹ́ náà. Ìrókò dídán ni, ó ga tó odó, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Fúnmiọlá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pákó márààrún yẹra lẹ́ẹ̀kan náà, ihò sì ṣí. Omi lé sójú rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń yà á sórí ìwé, n ò fojú rí i kó ṣí rí."

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ má jẹ́ kó tì." Sùlè gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyàwó rẹ̀, tí kò sí iná nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú ihò. Ó gbabẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́, ó já lé Dókítà lẹ́sẹ̀.

"Kí lẹ sọ lé mi lẹ́sẹ̀?"

"Áyọ́ọ̀nù. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa kí n tó gbẹ́hò."

"Bùrọ̀dá Sùlè, inú iyọ̀ ni áyọ́ọ̀nù tèmi wà. Ojú lásán ò lè rí i."

"Ta ló wá ń fi ìyẹn lọṣọ?"

Fúnmiọlá jókòó sórí pákó, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ń fi í lọṣọ."

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí gan-an."

"Ìròyìn ti dé ọpọlọ nìyẹn. Tí ẹ bá sọ ọ́ lé bàbá yín lẹ́sẹ̀ lọ́la, wọ́n á lóye rẹ̀ kíá."

"N ò ní sọ nǹkan kan lé bàbá mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n màá gbé e lọ bó ṣe wà yìí. Ó dára púpọ̀."

Sùlè bá a fi aṣọ wé e. "Ara ta lẹ tiẹ̀ ti ń wo àwọn ọ̀nà yìí?"

"Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ là ń lò."

"Ẹ ṣì í pè, Dókítà. Ọpọlọ."

"Rárá o. Ọ̀pọ̀lọ́. Èyí tó ń tọ kiri nínú àbàtà."

Sùlè wo ojú títì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Bàbá yín ti sọ fún gbogbo Ọ̀wọ̀ pé èèyàn lẹ ń tọ́jú."