Alágbẹ̀dẹ Lórí Odò Ọbà

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé títí wọn yóò fi gbé mi sin, ọjọ́ tí èmi àti Làmídì ọ̀rẹ́ mi fẹ́ tukọ̀ sọdá odò Ọbà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń yá gágá, ojú sì ń tì mí díẹ̀.

Òyìnbó ti dé nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì sí afárá lórí odò náà. Èmi àti Làmídì ń fi òòlù ńlá lu irin fún ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìwó. Apá wa tóbi, iṣan yọ lára wa, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A kì í bọ́ ẹ̀wù láìwò ó bóyá ẹnìkan ń wò wá.

Àṣàbí ni mo fẹ́ fi ṣe aya. Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ tí ń gbé èrò sọdá, òdìkejì odò sì ni ilé wọn wà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ó wò mí tòkètilẹ̀.

"Bí o bá mú ọmọ mi lọ sí Ìwó, ta ni yóò máa tukọ̀ gbé e wá kí mi lọ́jọ́ tí n kò bá lágbára mọ́? Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ẹ bá àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tukọ̀ sọdá. Bí ẹ bá ṣáájú wọn gúnlẹ̀, mú un."

Mo wo àwọn àbúrò náà. Apá wọn tín-ín-rín bí ọ̀pá iṣu. Mo ti ń ronú aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ yìgì.

Èrò pé sétí odò. Bàbá ní ó yá, a bẹ̀rẹ̀. Ní ilé àgbẹ̀dẹ, bí mo bá gbé òòlù sókè ni Làmídì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹnìkejì, ọ̀gá á gbá a létí. Ohun tí ara wa mọ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe ń ki àjẹ̀, igi tí a fi ń tukọ̀, bọ omi, Làmídì ń yọ tirẹ̀. Ọkọ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tín-ín-rín yẹn ń ki àjẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ wọn sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Fi agbára sí i," ni mo wí. Làmídì gbé àjẹ̀ ga ju orí lọ, ó sọ ọ́ lu omi. Omi náà dà sí mi lọ́rùn. Inú bí mi, mo lu tèmi náà. Apá ọ̀tún nìkan ni àwa méjèèjì sì ń lù, ni ọkọ̀ bá yí po, ó darí padà sí èbúté tí a ti gbéra, ó wọ inú koríko. Àjẹ̀ mi há sínú ẹrẹ̀. Mo fi gbogbo apá alágbẹ̀dẹ fà á. Ó já yọ, mo ṣubú lu Làmídì, ọkọ̀ sì dojú dé. Nígbà tí a dìde nínú omi, àwọn àbúrò Àṣàbí ti jókòó ní òdìkejì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyá kan bi wá pé, "Alágbẹ̀dẹ, irin wo lẹ ń rọ lódò?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo gbà pé Àṣàbí ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àfi bí Àṣàbí fúnra rẹ̀ ṣe jáde láàárín èrò, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó dojú ọkọ̀ sókè, ó gbọ́n omi rẹ̀ dànù, ó jókòó síwájú.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó sẹ́yìn mi. Kí ọ̀kan yín mú ọ̀tún, kí èkejì mú òsì. Ìgbà tí mo bá ki tèmi ni kí ẹ ki tiyín. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti igi iwájú yín, kí ẹ jẹ́ kí ìbàdí ṣiṣẹ́. Apá kàn ń di àjẹ̀ mú ni."

Mo ṣe bó ti wí. Ọkọ̀ ta síwájú. Omi kò ta sí wa lára, igi etí odò ń sá kọjá, inú mi sì dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A dé òhún, a tún padà.

"Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"O kò mọ̀ ọ́n," ni bàbá fèsì. "Ṣùgbọ́n o gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo èrò, o ò sì bínú. Mú un. Nílé, ìwọ ni olórí. Lórí omi, òun ni."

Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé bí apá ẹni ti lè tóbi tó, bí kò bá bá ti ẹnìkejì rìn, omi lásán ló ń lù. Àmọ́ òrùlé wa ti ń jò báyìí, Àṣàbí sì ní bí òjò bá ti rọ̀, orí omi náà la wà, òun sì ni olórí. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín.