Ọkọ̀ Tí Kò Lápàá

Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ló máa ń ní òórùn epo díẹ̀ lára, àfi ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ yìí. Lọ́fínńdà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí oníbàárà, ẹ̀rín á tẹ̀ lé e, olúwarẹ̀ á wá yọ kẹ́yìn nínú aṣọ funfun báláú, pẹ̀lú aṣọ ìnujú tó fi ń nu ara ọkọ̀ bí abiyamọ ṣe ń nu imú ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara ti ọkọ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tó bá fara tì í, ọkùnrin wa á rọra fi ìka méjì fà á kúrò, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ń sinmi ni.”

Aláìlápàá ni wọ́n ń pè é. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ ọ̀hún. Ó gbé pátákó gàgàrà kan sẹ́nu ọ̀nà ọgbà pé ọkọ̀ tí kò lápàá ni òun ń tà, ìyẹn ni pé kò sí èyí tó forí sọ nǹkan rí, kò sì sí èyí tí nǹkan forí sọ. Àmọ́ ẹni tó bá a kọ pátákó náà kò fi àmì ohùn kankan sí i, bí kálukú bá sì ṣe fẹ́ ló ń kà á. Oní-táyà tó wà ní òdìkejì títì kà á sí ọkọ̀ tí kò lápá, ó ní òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, pé èyí tí aládùúgbò òun rà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó oní-táyà kà á sí ọkọ tí kò lápá, ó ní òun kò rà, òun ti ní ọ̀kan nílé.

Gbogbo ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà náà ló ní ìtàn, ìtàn kan náà sì ni gbogbo wọn ní. Ìyá arúgbó kan ló ni ín. Ìyá náà kì í sáré. Kì í wakọ̀ nínú òjò. Láti ilé dé ilé ìjọsìn, láti ilé ìjọsìn padà sílé, ó parí. Bí èèyàn bá fojú inú wo iye ọkọ̀ tí ìyá yìí ti tà nípasẹ̀ Aláìlápàá, á gbà pé bóyá ni ìyá náà rí àyè gbàdúrà rárá.

Ẹ̀yìn ọgbà ni òótọ́ ń gbé. Abà páánù kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé àwọn ọkọ̀ tó ti rí màbo lójú títì wọ̀. Òòlù ń dún, iná ajórin ń ta pàrà, wọ́n sì ń po pọ́tì, ohun rírọ̀ funfun tí àwọn akunkọ̀ fi ń dí ojú ibi tí irin bá ti wó, tó máa ń le gbagidi tó bá gbẹ tán. Aláìlápàá kì í wọ inú abà náà, nítorí aṣọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á wá nawọ́ sí ibi tó wó jù, á ní kí wọ́n tún fi kún un.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, àwọn tó ń ta ọkọ̀ ní títì náà fẹ́ yan alága. Ipò náà wu Aláìlápàá bí omi ṣe ń wu ẹni tó jẹ iyọ̀. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kò ju òfófó lọ: àwọn kan ń sọ pé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ máa ń ké ní òru bí ẹni tó ń lá àlá burúkú. Ẹlẹ́rìí ló ń wá, ẹni tí kò sí ẹni tó lè já a nírọ́, tí yóò dúró lójú gbogbo èèyàn, tí yóò sì sọ pé ọmọlúàbí ni.

Bí ó ṣe ń wá a kiri ni Bàbá Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Bàbá Tíṣà ló kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pá ló fi ń rìn, orúnkún ọ̀tún sì ń ro ó. Ìyàwó rẹ̀ ń gba ìtọ́jú ní ìlú kejì, ó sì ti sú wọn láti máa dúró de ọkọ̀ èrò nínú oòrùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tó jẹ́ dókítà eyín, ló mú un wá. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Ìka rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì máa ń dúró sára nǹkan pẹ́ kó tó kúrò.

Aláìlápàá tẹ̀ kóló fún tíṣà rẹ̀. Nígbà tí bàbá sọ pé ìyàwó òun ni òun fẹ́ máa fi ọkọ̀ gbé, ọkùnrin náà gbójú kúrò lójú bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara ọkọ̀ tó wà nítòsí. Ọkọ̀ aláwọ̀ wúrà kan wà nílẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtà, tí gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ń wò tí wọ́n ń kọjá lọ, ó sì ti rò ó pé àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú àti dókítà tí kò mọ̀ ju eyín lọ, àwọn gan-an ni Ọlọ́run dá ọkọ̀ náà fún.

Ọlọ́run kọ́ ló dá ọkọ̀ náà ṣá. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n sọ di ọ̀kan. Igi ti gbá ọ̀kan lójú, tírélà sì ti gun ìkejì lẹ́yìn. Aláìlápàá ní kí wọ́n gé méjèèjì láàárín, kí wọ́n ju èyí tó fọ́ nù, kí wọ́n jó èyí tó kù pọ̀, kí wọ́n sì fi pọ́tì dí ìhà ẹ̀yìn tó ti wó tó sì ti dógùn-ún. Ó so wọ́n pọ̀ bíi tọkọtaya láìgba ìyọ̀ǹda òbí, ó wá kun àwọn méjèèjì ní wúrà.

Ó mú bàbá àti ọmọ rẹ̀ dé iwájú ọkọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

“Wúrà-ń-rìn! Arìn-má-gbọ̀n, arẹwà ojú títì, wúńdíá tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí!”

Dókítà eyín béèrè pé ṣé kò tíì ní jàǹbá rí.

“Àbúrò mi, ọkọ̀ yìí? Kòkòrò kò bà lé gíláàsì rẹ̀ rí. Ìyá arúgbó kan ló ni ín.”

Ọmọ náà ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Aláìlápàá ní kò yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba àyẹ̀wò nínú eruku. Ó ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé, òun yóò fi lé tíṣà òun lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé, bàbá yóò sì bá òun sọ gbólóhùn kan tàbí méjì nípa ìwà òun. Inú Bàbá Tíṣà dùn dé ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ tíṣà bí kí ọmọ tó kọ́ di èèyàn ńlá kó má sì gbàgbé òun.

Nígbà tó di Sátidé, àga ti kún ọgbà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí títì. Gbogbo àwọn tó ń ta ọkọ̀ ló wá. Aláìlápàá tún ti bẹ àwọn tó ti ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí àwọn èèyàn lè rí bí ó ṣe ń dán. Wọ́n tò ó lọ bẹẹrẹ. Ọkùnrin wa di máìkì mú, ó ń rìn síwá-sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ sì ti jókòó lórí àga alága.

Bàbá Tíṣà sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ yìí kò purọ́ fún òun rí ní kíláàsì. Ó ní bí ó bá sọ pé ajá ló jẹ ìwé òun, ajá ló jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Aláìlápàá sì fi aṣọ ìnujú kan ojú tó gbẹ táútáú.

Ìgbà náà ni dókítà eyín dìde tó ní òun tọrọ ààyè láti yẹ ọkọ̀ náà wò kí bàbá òun tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ọlọ́gbọ́n ì bá wá nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n etí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń pa agbéraga bí ọtí. Aláìlápàá rí i bí ògo tó tún kún ògo.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, dókítà eyín fẹ́ yẹ ọkọ̀ mi wò,” ló kéde. “Dókítà, ẹ wò ó bí ẹ ṣe ń wo eyín. Màá gbé máìkì sí i, kí gbogbo títì gbọ́ bí irin gidi ṣe ń dún.”

Ọmọ náà dúpẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ ṣe é, nítorí eyín tó pé máa ń dáhùn tí wọ́n bá kàn án, èyí tí wọ́n dí kì í dáhùn bákan náà. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó sì kan ilẹ̀kùn iwájú.

Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dún dé ìparí títì. Aláìlápàá rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn.

Ó sún sẹ́yìn. Kọ́, kọ́. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Pù.

Ó tún un kàn. Pù, pù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìrọ̀rí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn oní-táyà jókòó sí. Aláìlápàá ní oòrùn ló mú un.

Dókítà kò jiyàn. Ó yọ òòfà pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì. Ó fi í sára ilẹ̀kùn iwájú, ó lẹ̀ típẹ́. Ó fi í sẹ́yìn, ó yọ̀ bọ̀rọ́, ó bọ́ sílẹ̀. Ó mú un nílẹ̀, ó tún fi í sókè díẹ̀, ó tún bọ́.

“Irin tẹ̀yìn ti òkèèrè wá ni,” ni Aláìlápàá wí sínú máìkì. “Kì í fà mọ́ nǹkan lásán.”

Ọmọ náà ti ń wo àlàfo àárín búùtù àti ara ọkọ̀. Lápá kan, ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Lápá kejì, èékánná rẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè. Ìlà gbagidi kan wú nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó la irin kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, bí ojú iṣẹ́ abẹ tí dókítà kánjú rán.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?”

“Ìlà ẹwà ni.”

Ẹ̀rín bú. Nígbà yìí, ọkùnrin wa rí i pé àga alága ti ń mì lábẹ́ òun. Orí rẹ̀ gbóná. Ó ní irọ́ ni gbogbo ohun tí òòfà ń sọ, pé òun mọ ọkọ̀ òun, òun yóò fi hàn wọ́n pé irin ni. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara ti ọkọ̀ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn Wúrà-ń-rìn.

Ọkọ̀ náà ṣe bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà, ègé pọ́tì kan tó fẹ̀ bí àwo ńlá ṣí kúrò lára rẹ̀, ó já lulẹ̀, ó fọ́ yángá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀tù funfun gbá yìì. Nígbà tó lọ sílẹ̀, iwájú ọkọ̀ ṣì jẹ́ wúrà, ṣùgbọ́n búlúù ni wọ́n rí níbi tí pọ́tì ti ṣí lẹ́yìn, ó ti wó, ó sì ti dógùn-ún.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà eyín ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá arúgbó tí ẹ sọ yẹn, ṣé iwájú ló ń wà ni àbí ẹ̀yìn?”

Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn mú irọ́ tó dáa. “Àwọn méjì ni wọ́n,” ni Aláìlápàá fèsì.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá ya lulẹ̀ bí odi. Àwọn kan di ara wọn mú. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún àga wọn jìnnà sí tirẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú rẹ̀ nínú fọ́tò.

Bàbá Tíṣà dìde. Ó fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wo ojú ibi búlúù náà títí, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀rín rọlẹ̀.

“Ibí yìí ni ìyá rẹ ì bá jókòó sí,” ló wí fún ọmọ rẹ̀.

Ó wá kọjú sí ọkùnrin aláṣọ funfun náà. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀ láyé ọjọ́un ló mú jáde, ohùn tí kì í gbó.

“Ìdajì àti ìdajì, kí ni wọ́n jẹ́?”

Kí Aláìlápàá tó rántí pé àgbàlagbà lòun, ara rẹ̀ ti na ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pàdé, ẹnu rẹ̀ sì ti dáhùn bíi ti ọmọ tó ń bẹ̀rù pàṣán.

“Odidi kan, sà.”

Máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e jáde dé ibi tí títì parí sí.

“O gbà á,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Jókòó.”

Ó jókòó. Kò sí àga níbi tó jókòó sí.

Bàbá Tíṣà fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì rọra jáde lọ dúró de ọkọ̀ èrò. Nínú ọgbà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kàn láti ṣe, títí tí ìyàwó ilé kan fi dìde tó lọ síbi ọkọ̀ tirẹ̀, èyí tó rà ní ọgbà náà, tó wà nínú àwọn tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ká ìka rẹ̀ kò. Ó kan ilẹ̀kùn iwájú. Ó kan tẹ̀yìn.

Pù.

Awakọ̀ kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ pásítọ̀ kan, lẹ́yìn rẹ̀ tọkọtaya kan tí wọ́n ń kan ọkọ̀ kan náà láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Láìpẹ́, gbogbo títì ń dún kọ́, ó ń dún pù, àwọn èèyàn sì ń gbé ojú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ìhà ọgbà. Aláìlápàá jókòó sínú ẹ̀tù pọ́tì, ó ń gbọ́. Òun nìkan ló mọ ohùn tí ìkọ̀ọ̀kan yóò fi dáhùn kí wọ́n tó kàn án.