Bàtà Ẹ̀gbọ́n Mi ní Abíján

Ọjọ́ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Títí dòní, bí mo bá rí bàtà dúdú tó ń dán, ojú a máa tì mí, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tó ń tì mí lójú.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mò ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlá, a sì wà lẹ́nu ọlidé. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùràímọ̀, fẹ́ ṣe nìkáà. Wọ́n ra bàtà tuntun sílẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún aránbàtà kó kan ìdí ẹ̀ kó má tètè jẹ. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀ ni mo pàdé Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta páàtì mọ́tò ní Abíján. Ó wá kí àwọn òbí ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ló sì ń padà.

"Àyè ẹnì kan ṣófo nínú mọ́tò wa," ó ní. "O ò kúkú wá fojú rí Abíján?"

Ẹni tó ní làákàyè á ní kí òun kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé òun. Èmi béèrè bóyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àyè náà wà. Mo sáré kó aṣọ sínú báàgì, mo ní kí àbúrò mi sọ fún wọn nílé pé mò ń bọ̀. Mi ò sọ ibi tí mò ń lọ. Bàtà ńkọ́? Sílípáàsì mi ti fẹ́ẹ̀ já, ta ló sì ń wọ sílípáàsì lọ sílẹ̀ òkèèrè? Nìkáà ṣì kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹ̀gbọ́n mi.

Alẹ́ ọjọ́ Fúráìdé la wọ Abíján, gbogbo egungun ara ń ro mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Làmídì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Má kúrò ládùúgbò yìí o. O ò gbọ́ Faransé."

"Ta ni ò gbọ́ Faransé?" Wọ́n kúkú kọ́ wa díẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdírì. Èyí tó kù lórí mi nínú ẹ̀ ò kún ọwọ́, ṣùgbọ́n mo gbà pé á tó mi lò fún Sátidé kan.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sọdá ọ̀sà sí apá ibi tí àwọn ilé gíga wà. Wọ́n ga débi pé mò ń wòkè lọ títí mo fi forí sọ òpó iná. Mo ní, "Pàdọ́n, mùsíyé," mo bẹ òpó.

Mo yà wọ inú ilé onígíláàsì kan. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ò dá mi dúró, bàtà mi jọ ti ọ̀gá. Níwájú ni mo ti rí yàrá kékeré kan tí àwọn èèyàn ń wọ̀. Mo yọjú: kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, dígí wà lára ògiri. Wọn ò tọ́ mi láti fi bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì onílé. Mo bọ́ bàtà, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, mo kí wọn, mo wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Yàrá gbéra nílẹ̀!

Lífítì ni, èmi ò rí i rí. Mo ké pe Ọlọ́hun. Obìnrin kan wo ẹsẹ̀ mi, ó fara mọ́ ògiri. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, mo bẹ́ jáde, mo wá bàtà, mi ò rí i. Mo yọjú lójú fèrèsé, ọ̀sà tí mo sọdá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí omi inú abọ́. Mo fi àtẹ̀gùn sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà lífítì ti mọ́ foo.

Ojú Bùràímọ̀ hàn sí mi kedere. Mo sáré bá ẹ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé orúkọ tí Faransé ń pe bàtà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣ". Mo wá a lórí títí, mo rí ọ̀kan tó jọ ọ́, mo rántí ọ̀rọ̀ olè mọ́ ọn. Mo nàka méjì sókè: "Mùsíyé! Dé ṣẹfó! Fólé! Dé ṣẹfó!"

Ọkùnrin náà fò dìde. Ó bi mí ní àwọ̀ ẹ̀, mo ní dúdú ni, tuntun ni. Ló bá fọn fèrè. Wọ́n ti géètì, ọlọ́pàá dé, gbogbo wa rọ́ lọ síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó de táì ń gbé mọ́tò dúdú kékeré kan jáde. Ọlọ́pàá nàka sí mọ́tò náà, ó wò mí. Èmi rò pé ó ń sọ pé inú ẹ̀ ni bàtà mi wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: "Wí! Wí!"

Wọ́n fa ọ̀gbẹ́ni náà jáde ní bèbè ṣòkòtò. Ó ń jà, ó ń fi ìwé mọ́tò hàn wọ́n. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu mi: "Mo gbé o! Ará Ìlá, ẹ gbà mí!"

Ìyá kan tó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódìkejì títì gbọ́. Ọmọ Òkè-Ìlá ni wọ́n. Wọ́n sáré wọlé. "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò ẹ ni wọ́n jí?"

"Mọ́tò kẹ̀, mà? Bàtà ni! Dé ṣẹfó!"

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. "Ẹṣin méjì lò ń wá látàárọ̀! Irú mọ́tò kékeré yẹn náà ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀ níbí."

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì ẹ̀, ó gbé bàtà mi jáde. Òun ló ti gbé e pamọ́ kí olè má baà jí i.

Ọlọ́pàá wò mí. Alátáì wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú alátáì, mo dojú délẹ̀. Kò rí irú ẹ̀ rí, ó rò pé mo dákú ni, òun fúnra ẹ̀ ló ń pariwo kí wọ́n bu omi wá. Kí n tó ṣàlàyé, wọ́n ti da á lé mi lórí.

Mo dé Ìlá kí nìkáà tó pé. Èébú tí mo jẹ nílé, ẹ jẹ́ kó wà nílé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju kan lọ: bí èdè ò bá dá ẹ lójú, pa ẹnu mọ́, kí o nàka sí ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí mo wá wo bàtà nínú ìwé Faransé, tí mo rí i pé "ṣosúù" ni wọ́n ń pè é, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò kàn mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín àti èyí tó jẹ́ ẹkún nínú ẹ̀ ni.